Ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ kọ́, àṣẹ ìpínlẹ̀ ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Mo ti ka ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn lórí bí a ó ṣe máa pe àwọn ọ̀rọ̀ ìwé òfin ní Yorùbá. Wọ́n ní "ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀" ni kí a máa pe ohun tí ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Wọ́n sì dá ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún bí ìwé òfin 1999 ṣe pín iṣẹ́ ìjọba: "àdáṣe" fún ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, "àjọṣe" fún èyí tí òun àti ìpínlẹ̀ jọ ń ṣòfin lé lórí, "àjẹkù" fún èyí tó ṣẹ́kù fún ìpínlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́: "àdáṣe" nìkan ni mo lè gbé mì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Lánàá, mo bi ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba nílùú Òṣogbo níbí pé, "Ìyá, kí ni ẹ̀tọ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun?" Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti fẹ́ pín owó ni?" Mo yí ìbéèrè náà padà: "Láàárín Àbújá àti Òṣogbo, ta ló láṣẹ lórí kí ni?" Ìyá ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n bá mi débi ọlọ́pàá, wọ́n bá mi débi iná mànàmáná. Ohun tó tọ́ sí ènìyàn là ń pè ní ẹ̀tọ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ ìjọba, àṣẹ ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn, tí wọ́n fẹ́ràn láti máa pariwo ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀, wọn ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú òfin wọn. Àtúnṣe kẹwàá tí wọ́n ṣe sí i ní 1791 sọ pé agbára tí ìwé òfin kò gbé fún ìjọba àpapọ̀, tí kò sì fi du ìpínlẹ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti àwọn ènìyàn ni. Agbára ni wọ́n kọ. (Àwọn ìpínlẹ̀ tó ń lo ẹrú ní gúúsù ibẹ̀ sì fi "ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀" yìí bo ìwà wọn títí ogun fi dé. Ìyẹn náà wà lára ohun tí n kò fi fẹ́ ẹ.)

Ibi tí mo tilẹ̀ fẹ́ ká dúró sí dáadáa nìyí. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tí à ń lò lójoojúmọ́: "ìjọba àpapọ̀" àti "ìpínlẹ̀". Ohun tí a pa pọ̀ ni àpapọ̀. Ìyẹn ni pé ó ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀ kí a tó kó o jọ. Ìpínlẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ tí a pín ni. Ó ti wà lódindi kí ẹnìkan tó fi ọ̀bẹ sí i. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ń bá ara wọn jiyàn nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, a ò sì fura! Ti Amẹ́ríkà bá "àpapọ̀" mu: ìpínlẹ̀ 13 ló para pọ̀ dá ìjọba kan sílẹ̀. Tiwa nígbà àwọn ẹkùn náà fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀, torí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ìwé òfin tirẹ̀. Nígbà tó di 1967, Gowon gé ẹkùn mẹ́rin sí ìpínlẹ̀ 12. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, Babangida gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Ẹni tó ń pín ilẹ̀, ṣé ẹ rò pé ó máa rántí pé àwọn tó ń pín fún ló ni ilẹ̀? Ẹni tó bá ní ká yí "ìpínlẹ̀" padà, mi ò sí ńbẹ̀. Ó sọ òótọ́ ìtàn wa ju "àpapọ̀" lọ.

Lórí "àjọṣe", ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó ń dún bíi pé ọgbọọgba ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọgbọọgba. Ìwé òfin ní bí òfin ìpínlẹ̀ bá takò èyí tí aṣòfin àpapọ̀ ṣe lọ́nà tó tọ́, ti ìpínlẹ̀ ló máa wólẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú ilé bàbá wọn ni. "Àjọni" sàn díẹ̀, torí a lè jọ ni ilé kí yàrá ẹnìkan tóbi ju tẹnìkan lọ. Ẹ wo rélùwéè. Nígbà tí Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gómìnà Ọ̀ṣun tẹ́lẹ̀, ń fi ọkọ̀ ojú irin gbé èèyàn ọ̀fẹ́ láti Èkó wá sí Òṣogbo lásìkò ọdún, ńṣe ni ìpínlẹ̀ ń háyà ọkọ̀ náà, torí àdáṣe Àbújá ni rélùwéè nígbà náà. Àtúnṣe òfin ọdún 2023 ló sọ ọ́ di àjọni.

"Àjẹkù" ni mo ta kò jù. Ẹ̀gbọ́n, ta ló jẹ tó kù? Àjẹkù ni à ń dà fún ajá. Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ láàárín Èkó àti ìjọba àpapọ̀ pé ìlànà ilé kíkọ́ àti ètò ìlú, ti ìpínlẹ̀ ni, níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí nínú àtòkọ ohun tó jẹ́ àdáṣe Àbújá. Bẹ́ẹ̀ ohun 68 ló wà nínú àtòkọ náà nígbà yẹn o.

Mo kọ́kọ́ kọ "àṣẹ́kù" síbẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, mo gbàgbé àmì orí "ṣẹ", ó di "àṣẹkù", mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tí mo ní lọ́kàn lọ: àṣẹ tó kù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò á mọ ìyàtọ̀. Àwọn ìwé ìròyìn wa tí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ ni yóò dà wọ́n pọ̀, lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni mo sì ti lè dárí jì wọ́n.