Ìṣúra kọ́, awànílẹ̀ ni: èsì mi lórí àwọn ọ̀rọ̀ fún ERP

Ẹ̀yin ará wa,

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Mo ti ka àwọn àbá tó wá lórí bí a ó ṣe máa sọ̀rọ̀ nípa ERP (Enterprise Resource Planning) ní Yorùbá, ìyẹn sọ́fúwíà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń wéwèé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe jáde, tí wọ́n sì fi ń mójú tó ẹrù inú sítọ́ọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Omù-Àrán ní kí á pè é ní "Ìṣètò Ohun-Ìní Ilé-Iṣẹ́", kí á sì máa pe gbogbo ẹrù tó wà nínú sítọ́ọ̀ ní "ìṣúra". Àbúrò wa ní Tánkẹ̀ fẹ́ "ẹ̀rọ ìdarí ilé-iṣẹ́", ó sì ní kí "àṣẹ" dúró fún gbogbo ibi tí "Order" bá ti yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ìyá wa tó kọ̀wé láti Ọ̀fà ní "ìṣọ́ ẹrù" ló bá iṣẹ́ sítọ́ọ̀ mu.

Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Inú iṣẹ́ ni mo ti ń sọ̀rọ̀, torí èmi ni wọ́n gbé ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún kí n kọ ọ́ ní Yorùbá nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ìlọrin ń gbé irú sọ́fúwíà bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Àwọn tí mo kọ ọ́ fún mọ Yorùbá dáadáa, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn jù mí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìṣúra. Ohun iyebíye tí èèyàn fi pa mọ́ ni ìṣúra, bó bá sì ṣe pẹ́ nípamọ́ tó ni inú olówó rẹ̀ ń dùn tó. Ẹrù inú sítọ́ọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Páálí tó bá pẹ́ nílẹ̀ nígbà òjò á gba omi sára. Lọ́fínńdà inú kẹ́ẹ̀gì á máa fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n ti tẹ orúkọ ọṣẹ sí lára á di aláìwúlò lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá ní kí wọ́n pààrọ̀ àwòrán rẹ̀. Owó tó jókòó ni gbogbo rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ owó báǹkì tí èlé ń gorí. Torí kí ẹrù má baà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni ilé-iṣẹ́ fi ń ra sọ́fúwíà yìí. Bí a bá wá kọ "ìṣúra" síwájú ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀, a ti kọ́ ọ ní òdìkejì ohun tí a fẹ́ kó mọ̀.

Ẹ dé ọjà Ìpàtà, kí ẹ béèrè ohunkóhun. "Ó wà nílẹ̀." "Ó ti tán nílẹ̀." Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó wà nílẹ̀ ni mo fẹ́ kí á pè ní awànílẹ̀, bí a ṣe ń sọ pé akọ̀wé tàbí awakọ̀. Mímójú tó o, kó má pọ̀ jù, kó má sì tán lójijì, á wá jẹ́ ìmójútó awànílẹ̀. Ìyá wa ní Ọ̀fà, ẹ má bínú sí mi: ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù ló di kọ́kọ́rọ́ mú, kí olè má baà wọlé. Ṣùgbọ́n sítọ́ọ̀ tí olè kò wọ̀ rí lè má ní ẹyọ ọ̀rá kan lọ́jọ́ tí ìsè, ìyẹn ọṣẹ tí wọ́n sè lẹ́ẹ̀kan, bá délẹ̀ tán.

Awànílẹ̀ nìkan kò sì tó, ibí yìí gan-an ló sì ká mi lára jù. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ lò kí iṣẹ́ náà tó kàn mí, "iye ọjà" ni wọ́n kọ síbi gbogbo. Ẹ wo ohun tíyẹn lè dá sílẹ̀. Ká ní oníbàárà kan fẹ́ 600 páálí ọṣẹ, tí ẹyọ 48 sì wà nínú páálí kan. Ọ̀rá kan ni wọ́n fi ń di ẹyọ kan, ọ̀rá 28,800 ló máa gbà nìyẹn. Akọ̀wé ìtajà wo kọ̀ǹpútà, ó rí ọ̀rá 30,000 níwájú "iye ọjà". Ó ní ó tó, ó sì ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n lánàá ni ẹlòmíràn ti sanwó 250 páálí tí wọn kò tíì dì, ọ̀rá 12,000 sì ti ní olówó nínú 30,000 yẹn. Ohun tó ṣì wà lómìnira jẹ́ 18,000, ó sì ku 10,800 kí iṣẹ́ tuntun yìí tó lè parí. Akọ̀wé ti ṣèlérí, oníbàárà ti san owó ọkọ̀ sílẹ̀, ọ̀rá kò sì sí. Kì í ṣe pé akọ̀wé kò mọ ìṣirò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un fún nǹkan mẹ́ta.

Mẹ́ta ni wọ́n lóòótọ́: èyí tó wà nílẹ̀, èyí tó ti ní olówó, àti èyí tó ń bọ̀ lọ́nà, ìyẹn ohun tí a ti rà tí kò tíì dé. Mi ò dá ìkankan nínú wọn sílẹ̀. Bí àwọn obìnrin tó ń ta ọjà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Àbá yòówù tí a bá fẹ́ gbà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi í bóyá ó ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Èyí tí a kì í fọwọ́ kàn àfi bí ìṣòro bá dé, mo pè é ní àfipamọ́.

Ó wá kan orúkọ ERP fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn kò kúkú ṣàlàyé nǹkan náà. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni Joseph Orlicky ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà ìṣirò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MRP (Material Requirements Planning), tí kò ju ìṣirò èròjà lọ: kí la fẹ́ ṣe, èròjà wo ló máa gbà, mélòó ló wà nílẹ̀, ìgbà wo ni kí á ra èyí tó kù. Ilé-iṣẹ́ Black & Decker wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó, ní 1964. Oliver Wight fẹ̀ ẹ́ lójú, ó sì di MRP II. Nígbà tó fi máa di 1990, tí ìṣirò owó àti ìtajà ti wọ inú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìwádìí Gartner sọ ọ́ ní ERP. Ó ti dàgbà kọjá ìṣirò èròjà, síbẹ̀ wọn kò yọ ọ̀rọ̀ ìwéwèé (Planning) kúrò lórúkọ rẹ̀. Kí ló dé tí a ó fi ru ẹrù yẹn wọ Yorùbá?

Ẹ wo ohun tó ń ṣe. Àpò kọ́sítíìkì 40 dé sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó wà ní sítọ́ọ̀ kọ ọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú ẹsẹ̀ ni akọ̀wé owó ti rí gbèsè ẹni tó kó o wá, tí ẹni tó ń wéwèé iṣẹ́ rí i pé ìsè ọ̀la ṣeé ṣe, tí ẹni tó ń rajà sì rí i pé ohun tí òun rà ti pé. Ìwé kan ni gbogbo ẹ̀ka jọ ń kọ tí wọ́n sì jọ ń kà. Ìwé àjùmọ̀kọ ni mo fi sínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kò sì sẹ́ni tó bi mí kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti "ẹ̀rọ ìdarí", ilé-iṣẹ́ là ń sọ. Ẹ pariwo níbẹ̀ pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, makáníìkì ló máa sáré wá pẹ̀lú sípánà.

Mo fẹ́ ìwéwèé iṣẹ́ ju "ìṣètò" lọ. Ètò lè jẹ́ bí àga ṣe tò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wéwèé ń wo iwájú. Ìlọrin mọ èyí látọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó fẹ́ lo òfì fún ìgbéyàwó á sọ ọjọ́ fún ahunṣọ, láti ọjọ́ yẹn sì ni ahunṣọ á ti máa kà á bọ̀ lẹ́yìn: ọjọ́ tí aránṣọ máa gbà, ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ máa fi hun ún, ọjọ́ tí òwú gbọ́dọ̀ ti wọlé, àti èyí tó wà nílẹ̀ nínú àwọ̀ tí wọ́n yàn. Bí sọ́fúwíà náà ṣe ń kà á gẹ́lẹ́ nìyẹn. Iye ọjọ́ tí èròjà máa ń gbà kó tó dé láti ìgbà tí a bá ti rà á, ọjọ́ ìdúródè ni mo pè é.

Àbúrò mi ní Tánkẹ̀, oníbàárà kì í pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́, béèyàn sì ṣe ń lọ rajà kì í ṣe àṣẹ. Ìwé ìbéèrè ọjà ni ti oníbàárà, ìwé ìrajà ni ti ẹni tó ń kó èròjà wá fún wa, èyí tó ń wọ inú ilé iṣẹ́ nìkan ni ìwé àṣẹ iṣẹ́. Sọ́fúwíà náà kò sì fi dandan lé e pé kí wọ́n jọ jẹ́ orúkọ kan náà. Nínú ERPNext, ọ̀kan lára irú sọ́fúwíà yìí, tí wọ́n ṣe ní Íńdíà tí ẹnikẹ́ni sì lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, orúkọ kọ̀ọ̀kan dá dúró, ìtumọ̀ tìrẹ lo sì máa fi sí i.

Àwọn tó kù kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Èròjà dára fún ohun tí a fi ń ṣe ọjà, ìwé èròjà sì dára fún àkọsílẹ̀ ohun tó ń wọ inú páálí kan. Àmọ́ kí a tó kọ ọ́ wọlé, orúkọ kan ni kí èròjà kan ní. Mo bá "sódà", "kọ́sítíìkì" àti "kọ́sítíìkì sódà" lórí ìlà mẹ́ta nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́, nǹkan kan náà ni, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní iye tirẹ̀. Ìgbékalẹ̀ ni kí á máa pe iṣẹ́ mímú sọ́fúwíà náà wọ ilé-iṣẹ́, ìfilọ́lẹ̀ ti jọ ayẹyẹ tí a ń gé rìbọ́n sí.

Fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "batch", "ìsè" bá ọṣẹ mu: ìsè kìíní, ìsè kejì, nọ́ńbà ìsè. Kò bá oògùn oníhóró mu, bẹ́ẹ̀ Ìlọrin ní ilé-iṣẹ́ oògùn, NAFDAC sì ń béèrè nọ́ńbà yẹn lára páálí oògùn. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó jọ̀wọ́ sọ ohun tí wọ́n ń pè é lẹ́nu iṣẹ́ kó tó di pé a dá tiwa sílẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni "àdánù", tí ẹ̀gbọ́n wa kọ fún ọṣẹ tó bá bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ ìgé. Mo ní kí á má lò ó fún gbogbo rẹ̀. Èyí tó bọ́ sínú gọ́tà ni àdánù. Ṣùgbọ́n etí ọṣẹ tí wọ́n gé kúrò ń padà sínú ìkòkò, ó sì gbọ́dọ̀ padà sínú ìwé pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àdín tó wà lákọsílẹ̀ á yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n lò. Àtúnsè ni mo pe ìyẹn, ó sì ti wà nínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá ní èyí tó sàn jù ú, ẹ fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.