Orin MIDI mi ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gbà mí

Àyándélé: Ẹ̀yin ará, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò ti sùn dáadáa. Mò ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí àwòrán inú rẹ̀ yóò máa yí padà bí orin MIDI, ìyẹn fáìlì tó ń sọ nóòtì tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀, bá ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n orin tó yẹ kó rọra máa lọ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀rọ agbóhùnsókè lẹ́ẹ̀mejì, mo pààrọ̀ SoundFont, ìyẹn àkójọ ohùn tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ orin náà, ọ̀rẹ́ mi sì fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bùkọ́lá: Ẹ pẹ̀lẹ́. MIDI ti fìyà jẹ èmi náà rí. Dùùrù ni mo kọ, ìlù ni mo ń gbọ́, àṣé channel 10, ìyẹn ojú ọ̀nà kẹwàá tí àṣẹ ń gbà, ni mo kó o sí, èyí tí ìlànà General MIDI ti ọdún 1991 ti yà sọ́tọ̀ fún ìlù. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì rántí pé 9 ni yóò jẹ́ bí kóòdù yín bá ń kà láti òdo.

Àyándélé: Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ohùn kọ́ ni ẹjọ́ mi, eré ni.

Káyọ̀dé: Ẹ yí i sí MP3 kí ẹ sinmi.

Bùkọ́lá: Ìmọ̀ràn wo nìyẹn? Àṣẹ ló wà nínú MIDI, pé kí a tẹ nóòtì yìí, kí a fi í sílẹ̀. Àwọn àṣẹ yẹn ni àwòrán wọn ń tẹ̀lé, wọn kò sì sí nínú MP3.

Káyọ̀dé: Ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Mojísọ́lá: Àyándélé, ẹ kò sọ irú fáìlì tó jẹ́, ẹ kò sọ iye tick, ìyẹn ìdá kéékèèké tí a fi ń ka àkókò, tó wà nínú lílù kan, ẹ sì fẹ́ kí a wo àìsàn tí a kò rí. Níbo ni ẹ ti ń ka tempo, ìyẹn bí orin ṣe ń yára sí?

Àyándélé: Format 1 ni, irú èyí tó pín orin sí tíráàkì, ìyẹn ìlà àṣẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀; tick 480 ló wà nínú lílù kan. Ìṣirò mi pé, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mo tún un ṣe. Kò sí tempo kankan nínú àwọn tíráàkì tó kù.

Mojísọ́lá: Tó kù kẹ̀? Èwo ló lọ?

Àyándélé: Mo yọ tíráàkì àkọ́kọ́ kí fáìlì lè fúyẹ́. Kò ní nóòtì kankan, àfi orúkọ orin àti nǹkan wẹ́wẹ́ bíi FF 51.

Mojísọ́lá: FF 51 tí ẹ pè ní nǹkan wẹ́wẹ́ yẹn gan-an ni tempo! Nínú format 1, tíráàkì àkọ́kọ́ ni a ń kó o sí fún gbogbo àwọn yòókù, bí kò bá sì sí mọ́, a ó gbà pé lílù kan jẹ́ 500,000 microsecond, ìyẹn lílù 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ dá a padà.

Àyándélé: Mo ti dá a padà. Lílù 60 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n kọ orin náà sí, ó sì ti ń rọra lọ báyìí, ṣùgbọ́n àwòrán ṣì ń sáré, nítorí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ 120 sínú kóòdù rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá kó lè bá orin náà mu. Mo ń lọ pa á rẹ́.