Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kíkó ẹrù lọ ilé orí òkè nígbà yìnyín
Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, ẹ kú òtútù o. Oṣù Kìíní la fẹ́ kó lọ sílé tá a rà ní ìgbèríko Vermont. Òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà tó wọlé, igi há a mọ́ lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ̀ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 26 ò lè yípo níbẹ̀. Àwọn akẹ́rù kan ti dá iye owó fún wa láìbéèrè bọ́nà ṣe rí, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. A ò sì lè sún un di oṣù Kẹrin: ẹrẹ̀ á ti gba ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ìlú ibẹ̀ a sì máa fòfin de ọkọ̀ tó wúwo nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí wọ́n já ẹrù sẹ́bàá títì, kí ọkọ̀ kékeré máa kó o wọlé? Èló ni wọ́n ń gbà lé e? Ta ló yẹ kó kó yìnyín kúrò, kó da yanrìn sọ́nà?