Jíìpù oní-báàgì afẹ́fẹ́: báwo lẹ ṣe gbé tiyín sókè?

Àgbẹ̀ Alábàtà

Ẹ kú òwúrọ̀ o. Àwọn tó ń bi mí ní ìkọ̀kọ̀ nípa ohun tí mo ṣe sí jíìpù mi ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí, kí àwọn yòókù náà sọ tiwọn.

Discovery 3 ni mò ń gùn, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa ń kọ LR3 sí lẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 2004 sí 2009 ni. Báàgì rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ló gbé e dúró nídìí táyà kọ̀ọ̀kan, dípò sípíríǹgì. Oko mi wà lẹ́yìn Alábàtà, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà oko ìhà Ọ̀dẹ̀dá mọ̀ pé ẹrẹ̀ nìkan kọ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀. Òjò á wọ́ yẹ̀pẹ̀ lọ, òkúta á yọrí sáàárín ipa táyà méjèèjì, ikùn ọkọ̀ ni yóò sì fi gbà á. Lọ́dún tó kọjá, irin abẹ́ ọkọ̀ han goorogo lórí òkúta kan báyìí, ìyàwó mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi káwọ́ lérí. Mo ní ó tó, ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ ga sí i.

Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní tiẹ̀. Ọ̀kan ní kí n yọ báàgì afẹ́fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù, kí n fi sípíríǹgì gíga sí i. Èkejì ní kí n pààrọ̀ irin sẹ́ńsọ̀. Fún ẹni tí kò bá mọ̀: ẹ̀gbẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan ni sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ọkọ̀ ṣe ga tó, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì so ó mọ́ apá táyà. Tí ẹ bá yí gígùn irin yẹn padà, irọ́ ni sẹ́ńsọ̀ á máa pa. Kọ̀ǹpútà á rò pé ọkọ̀ ti rì, á sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí báàgì títí ọkọ̀ yóò fi fi ínṣì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga sí i. Owó ẹ̀ ò pọ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ò sì pẹ́, òun náà ló jẹ́ kó wu gbogbo èèyàn.

Èmi ò gbà. Bọ́tìnì inú ọkọ̀ yẹn ti ń gbé e sókè tẹ́lẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 55 fún ọ̀nà burúkú. Tí eré bá ti ń kọjá bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan, kọ̀ǹpútà á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ bá wá ń parọ́, kò ní mọ̀ pé òkè ni òun wà. Ẹ ó máa fi gíga ọ̀nà oko sá eré 100 lọ́nà Ìbàdàn, ọkọ̀ á máa fì ní gbogbo kọ́nà. Ẹ bá dé oko tán, ẹ tẹ bọ́tìnì, báàgì ò níbi tó fẹ́ nà dé mọ́, ṣọ́ọ̀kì ti dé òpin, gbogbo kòtò á máa dún gbì.

Èyí tó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu ni pé bọ́tìnì tèmi ò gbé ọkọ̀ dé ibi tó yẹ kó gbé e dé rárá. Mo ní kí ọmọ mẹkáníìkì po ọṣẹ sómi, kó dà á sára báàgì ẹ̀yìn apá òsì nígbà tí ọkọ̀ wà lókè. Níbi tí rọ́bà ti máa ń ká wọ ara rẹ̀ gan-an ni ìfófò ti ń yọ, wẹ́wẹ́, bí ẹnu akàn. Rọ́bà tó ti dàgbà ni, kò sẹ́ni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n báàgì tó ń jò kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí báàgì, sinmi, iṣẹ́ ni yóò máa ṣe títí yóò fi jóná. Ẹni tó bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ga, ikú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ló ń kánjú pè.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo pa báàgì ẹ̀yìn méjèèjì dà pa pọ̀. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ àwọn hóró tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, torí tí wọ́n bá ti kú, ọ̀rinrin á wọ fáàfù. Lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀rọ GAP tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀, tí wọ́n ń fi fóònù darí. A fi gbé gíga ojoojúmọ́ sókè ní mìlímítà 20 péré, láì fọwọ́ kan irin kankan. Mo wá pa táyà dà láti 255/60R18 sí 265/65R18. Ẹ bá mi ṣírò ó: ti tẹ́lẹ̀ ga ní nǹkan bíi mìlímítà 763, tuntun ga tó 802. Ìdajì ìyàtọ̀ yẹn, bíi 19, ló ń bọ́ sábẹ́ ọkọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, bọ́tìnì sì tún ń fi tiẹ̀ lé e.

Kò wá láìní wàhálà tiẹ̀ o. Tí mo bá ká sitiárìn dópin, táyà ń fẹ́ họ inú mọ́gáàdì, n kì í sì í gbé ọkọ̀ wálẹ̀ pátápátá mọ́. Míítà eré náà ń tàn mí: tó bá sọ pé 100, nǹkan bíi 105 ni mò ń sá. Ṣùgbọ́n òkúta yẹn, mo ti ń gba orí ẹ̀ kọjá báyìí.

Ìyá Elépo Láfẹ́ńwá

Ẹ kú àlàyé, bọ̀dá Alábàtà. Ẹ̀yin lẹ rí àyè bá kọ̀ǹpútà fà á.

Lexus GX470 ni tèmi. Ẹ̀yìn nìkan ló ti ní báàgì afẹ́fẹ́, sípíríǹgì ló wà níwájú. Epo pupa ni mo fi ń kó, ogún kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó kílò 23, ẹ ò rí i pé ó ti lé ní 450 kílò lórí ìdí ọkọ̀. Nígbà tí báàgì ṣì dára, ẹ ò ní mọ̀ pé mo rù ú. Ó kàn máa ń kùn ní díẹ̀ ni, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. N ò purọ́, ìyẹn dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ tí báàgì méjèèjì bẹ́, oko ni mo wà, ìdí ọkọ̀ jókòó sórí rọ́bà ìdádúró. Bí mo ṣe rọra wọ́ ọ délé, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Báàgì tuntun àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, wọ́n ní kí n dúró di ìgbà tí wọ́n bá rí i ní Ládípọ̀. Ta ni yóò dúró? Epo ò ní sọ pé òun ò tíì délé. Mo ní kí wọ́n ki sípíríǹgì bọ̀ ọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe é fún mi, n ò ní dárúkọ rẹ̀, sípíríǹgì Prado tí kì í rẹrù ló fi sí i. Mo di ẹrù, ìdí tún rì. Mo ní kó tú u, kó wá èyí tó ki, tó sì ga sí i lọ. Ìyẹn ló wà níbẹ̀ dòní. Nígbà tí ẹrù bá wà nínú ẹ̀, ó dúró gbọin. Tó bá ṣófo, gbogbo bọ́ǹpù Kútọ̀ ni yóò máa ta mí sókè, ìdí rẹ̀ á sì ga ju iwájú lọ, ni wọ́n bá fi páálí irin gbé iwájú náà sókè díẹ̀ kó lè ṣe déédéé, a sì ṣe aláìmẹ̀ǹtì, ìyẹn títo táyà kó gún régé.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣe é fi tépù wọn ilẹ̀ dé dífù ẹ̀yìn, igbá irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kó tó ki sípíríǹgì bọ̀ ọ́, ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Bákan náà ni! Irin gbọọrọ kan ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ọkọ̀ lè ga dé òrùlé, táyà nìkan ló lè gbé dífù kúrò nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní GX, òkúta ò mọ̀ pé ẹ náwó.

Rẹ́wáyà Àsẹ̀rò

Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ. Kí n fi tiwa kún un, torí àwa ni wọ́n máa ń gbé e wá bá níkẹyìn.

Ẹ bá yọ báàgì, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tó ń wá a. Iná á máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ti rí ibi tí wọ́n fi téèpù dúdú lẹ ojú iná yẹn pa, wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe! Lórí GX, kò le púpọ̀ láti pa á lẹ́nu mọ́. Lórí Discovery, iṣẹ́ ni, torí bọ́tìnì roboto tí wọ́n ń yí fún ẹrẹ̀, iyanrìn àti òkúta, òun àti báàgì ló jọ ń ṣiṣẹ́. Ó nílò ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa dá kọ̀ǹpútà lóhùn. Ẹ tún wo wáyà ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há tí ẹ bá tẹ bíréèkì, àti ọ̀pá bíréèkì tí ọkọ̀ bá ga tán, kó má di pé wọ́n le tantan. Àti iná iwájú, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀yin lẹ̀ ń tàn án sójú wa lálẹ́ lọ́nà Ṣágámù.

Ọmọ Ìbàrà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ò ní oko, n ò sì ta epo. Òkè-Mosàn sí Pánṣẹ́kẹ́ ni tèmi. Grand Cherokee oní-báàgì mẹ́rin ni, mo kàn fẹ́ kó ga lójú ni, ínṣì mẹ́rin. Ṣé irin sẹ́ńsọ̀ á gbé e débẹ̀?

Dérẹ́bà Ìta-Èkó

Àbúrò, ínṣì mẹ́ta ni ọ̀gá mi fi irin sẹ́ńsọ̀ gbé Range Rover rẹ̀, mo sì rí ohun tó ṣe. Ṣáfùtì iwájú, irin tó ń yí táyà, yí sísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà tó bò ó ya, gíríìsì fọ́n ká inú rímù. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo táyà, ẹ̀gbẹ́ kan ti jẹ dé wáyà, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì ní irun. Aláìmẹ̀ǹtì ò gbà á mọ́, ó ti kọjá ibi tí bóòtù lè yí i dé. Ọ̀gá ní kí n dá irin àtijọ́ padà.

Àgbẹ̀ Alábàtà

Ọmọ Ìbàrà, owó yín ni o, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gbé ọkọ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ fi tépù wọn àárín táyà dé etí mọ́gáàdì, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó tan ọkọ̀. Ẹni tó bá ní Discovery bíi tèmi, kó kọ́kọ́ yọ fìyúùsì báàgì lóru yẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ̀ǹpútà á jí láàárín òru, á sọ igun mẹ́ta tó dára kalẹ̀ kí wọ́n lè bá èyí tó ń jò dọ́gba, ẹ ò sì ní mọ èwo ló ń jò nínú wọn.