Orúkọ wo ló yẹ ká máa pe níútírà, ẹ́ẹ̀tì, akọ àti abo nídìí iṣẹ́ wáyà ilé?

Oníwáyà Ìbàdàn béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ iná. Mo ń kọ ìwé kékeré kan ní èdè Yorùbá fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, nítorí mo ti rí i pé ohun tí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé kì í dúró lọ́kàn wọn, ṣùgbọ́n èyí tí mo bá fi Yorùbá sọ kì í kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa títí ó fi kan orúkọ àwọn nǹkan tí à ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́.

Ohun tí ó mú mi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo rán ọ̀kan nínú wọn lọ so sọ́kẹ́ẹ̀tì sí ilé ìdáná oníbàárà wa kan. Wáyà dúdú tí ó yẹ kí ó wọ ẹsẹ̀ níútírà ti já sínú páìpù, kò sì ṣeé fà yọ. Ọmọ náà gé wáyà kúkúrú kan, ó fi so ẹsẹ̀ níútírà mọ́ ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó dé e pa, ó ki púlọ́ọ̀gì fírísà bọ̀ ọ́, fírísà sì ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdè wáyà ẹ́ẹ̀tì tú nínú àpótí bíréékà. Bí ìyá onílé ṣe di ilẹ̀kùn fírísà mú báyìí, iná gbé e. Bàtà rọ́bà tí ó wọ̀ ni Ọlọ́run fi kó o yọ. Nígbà tí mo bi ọmọ náà léèrè, ohùn jẹ́jẹ́ ni ó fi dá mi lóhùn pé, "Ọ̀gá, ṣebí ẹ́ẹ̀tì náà ni àwọn méjèèjì?" Ó ti lo ọdún kan lọ́dọ̀ rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, kí ó tó wá sọ́dọ̀ mi. Èmi ni mo jẹ̀bi, nítorí n kò tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò kí n tó gba owó iṣẹ́.

Kí ni kí n kọ fún níútírà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní í ṣì í mú fún ẹ́ẹ̀tì mọ́? Àwọn kan ń pè é ní òkú wáyà, àwọn mìíràn ń pè é ní wáyà tútù. Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé ó tọ́ kí n kọ akọ àti abo fún púlọ́ọ̀gì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì sínú ìwé, àbí kí n fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún inú ṣọ́ọ̀bù?

Àgbà Oníná, Abẹ́òkúta, dáhùn:

Àbúrò mi, o kú ewu, mo sì dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò bá a lọ. Ọmọ iṣẹ́ rẹ kò purọ́ o. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní ìdí ọkọ̀ ni ó gbé wọ inú ilé. Nínú ọkọ̀, orí báàdì, ìyẹn irin ara ọkọ̀, ni wọ́n ń so ẹsẹ̀ ńgẹ́tíìfù bátìrì mọ́, báàdì yẹn náà ni iná sì ń gbà padà láti ara gílóòbù, fèrè àti ẹ̀rọ orin. Ẹ́ẹ̀tì ni rìwáyà ń pè é, òótọ́ sì ni pé òun ni ọ̀nà àbọ̀ iná níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé táyà ni ọkọ̀ fi dúró, tí báàdì rẹ̀ kò fara kan ilẹ̀ rárá. Nínú ilé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Níútírà ni ọ̀nà àbọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí gílóòbù bá ń tàn ni iná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí ó jókòó láìṣiṣẹ́, tí kò yẹ kí iná gba inú rẹ̀ àfi ní ọjọ́ tí láìfù, wáyà tí ó ń gbé iná wá, bá fara kan irin ara ẹ̀rọ.

Ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ jẹ ni pé bí o bá so gílóòbù sí àárín láìfù àti ẹ́ẹ̀tì, yóò tàn. Ìdí ni pé wọ́n ti so níútírà mọ́ ilẹ̀ ní ìdí tíráńsífọ́mà, nítorí náà àwọn méjèèjì jọ pàdé níbì kan. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ibi ìpàdé wọn, kì í ṣe ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ tí ẹ́ẹ̀tì tú nínú àpótí yẹn, iná tí ó ti gba inú fírísà kọjá kò rí ọ̀nà lọ mọ́, ó sì dúró sí ara irin fírísà tí ó ń retí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án.

Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe kọ òkú wáyà sínú ìwé yẹn. Orúkọ yẹn ti pa ènìyàn. Tí níútírà bá já níbì kan nígbà tí súwíìṣì ṣì wà ní títàn, gílóòbù yóò kú, ọmọ iṣẹ́ yóò sì rò pé iná kò sí, ṣùgbọ́n apá níútírà tí ó kù lára gílóòbù ti di láìfù láti inú gílóòbù náà wá. Ẹni tí a ti sọ fún pé òkú ni wáyà náà yóò fi ọwọ́ lásán bó o. Tí ó bá sì jẹ́ níútírà onífééèsì mẹ́ta, ìyẹn èyí tí láìfù mẹ́ta jọ ń lò, ni ó já ní orí òpó, fóòtì 230 tí ó yẹ kí ó wọ ilé lè gòkè lọ sí ẹ̀bá 400, gbogbo tẹlifíṣọ̀n àdúgbò a sì jóná lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará ilé á ní NẸ́PÀ ni ó gbé iná gíga wá, kí wọ́n tó mọ̀ pé wáyà tí wọ́n ń pè ní òkú ni ó já.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o pe láìfù ní wáyà àlọ, kí o pe níútírà ní wáyà àbọ̀, kí o sì pe ẹ́ẹ̀tì ní wáyà ẹ̀ṣọ́. Orúkọ tí ó sọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe kì í ṣi ènìyàn lọ́nà.

Ọmọ Kétu ní Àjàṣẹ́ dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta, mo fara mọ́ wáyà ẹ̀ṣọ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta ko àlọ àti àbọ̀ díẹ̀. Iná ilé kì í lọ kí ó sì bọ̀ ní ojú ọ̀nà kan bí ti bátìrì; ó ń yí ojú padà, ìgbà àádọ́ta ni ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ọmọ tí ó bá kọ́ àlọ àti àbọ̀ lónìí yóò ní láti tú u ká ní ọjọ́ tí ó bá dé ilé ẹ̀kọ́. Mo gbà pé kí ẹ fi níútírà sílẹ̀ bí ó ṣe wà, nítorí pé òun ni yóò rí ní ara bíréékà àti ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí ẹ wá fi gbólóhùn kan ṣàlàyé rẹ̀: wáyà tí iná ń gbà parí ìrìn àjò rẹ̀, tí a sì gbọ́dọ̀ kà sí ohun tí ó lè gbé ènìyàn.

Ní ti akọ àti abo, èdè iṣẹ́ gidi ni. Ẹ kọ ọ́ láìtijú. Àwa tí a wà ní ìhà Bẹ̀nẹ̀ níbí, láti inú Faransé ni a ti yá ọ̀rọ̀ tiwa: píríìsì ni a ń pe sọ́kẹ́ẹ̀tì, fíìṣì ni a ń pe púlọ́ọ̀gì, dòmínò sì ni kọnẹ́tọ̀ kékeré onísíkúrú tí ẹ fi ń so wáyà méjì pọ̀ nínú àjà. Tí oníṣẹ́ láti Ìbàdàn bá wá bá wa ṣiṣẹ́, akọ àti abo nìkan ni àwa méjèèjì jọ mọ̀. Ẹ kàn fi kún un pé kì í ṣe gbogbo abo ni ó jẹ́ abo tán: sọ́kẹ́ẹ̀tì irú ti Faransé ní irin ẹ́ẹ̀tì kan tí ó yọrí síta láti àárín rẹ̀, tí ó ń wọ inú ihò kan lára púlọ́ọ̀gì.

Oníṣẹ́ Iná ní Lọ́ńdọ̀nù dáhùn:

Ọ̀nà kan wà tí akọ àti abo fi ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Òfin rẹ̀ ni pé apá tí iná ti ń bọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ abo nígbà gbogbo, apá tí ó ń gba iná ni ó ń jẹ́ akọ, nítorí pé irin abo wà nínú ihò ṣùgbọ́n irin akọ wà ní gbangba. Nígbà tí mo wà nílé, mo rí ọkùnrin kan tí ó so púlọ́ọ̀gì sí orí méjèèjì wáyà kan: ó ki ìkan bọ jẹnẹrétọ̀, ó ki èkejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri kí gbogbo ilé lè tàn. Nígbà tí ó fẹ́ tú u, ti ògiri ni ó kọ́kọ́ yọ. Irin mẹ́ta tí ń dán yanran wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ń ké lẹ́yìnkùlé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé wáyà olórí akọ méjì kò gbọ́dọ̀ sí láyé. Tí àwọn ará ilé kò bá tún pa súwíìṣì àgbà, iná jẹnẹrétọ̀ yẹn yóò gba orí òpó jáde, ẹni tí ó ń tún wáyà ṣe lókè ni yóò sì bá a pàdé. Ṣéńjófà, súwíìṣì tí kì í jẹ́ kí iná òpó àti ti jẹnẹrétọ̀ pàdé, ni ojútùú.

Ẹ má gbàgbé àwọ̀ náà, nítorí orúkọ ni àwọ̀ pẹ̀lú. Àwọn ilé wa tí ó ti pẹ́ ń lo pupa fún láìfù, dúdú fún níútírà, àwọ̀ ewé fún ẹ́ẹ̀tì. Níbí, àwọ̀ tuntun ti wọ wáyà inú ògiri láti ọdún 2004, ó sì di dandan ní oṣù kẹrin ọdún 2006: àwọ̀ ilẹ̀ fún láìfù, búlúù fún níútírà, àwọ̀ ewé oníla yẹ́lò fún ẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ewu wà ni fééèsì mẹ́ta. Ní ti àtijọ́, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni fééèsì, dúdú sì ni níútírà. Ní ti tuntun, àwọ̀ ilẹ̀, dúdú àti àwọ̀ eérú ni fééèsì, búlúù wá di níútírà. Dúdú àti búlúù ti gba ipò ara wọn. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, dúdú ni láìfù, funfun ni níútírà. Nítorí náà, ọmọ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ sọ pé "wáyà dúdú" kí ó sì dákẹ́. Kí ó fi tẹ́sítà kàn án kí ó tó sọ orúkọ rẹ̀.

Oníwáyà Ìbàdàn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Mo ti pa òkú wáyà rẹ́. Láìfù, níútírà àti wáyà ẹ̀ṣọ́ ni mo kọ; mo sì fi àlọ àti àbọ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé fún iná bátìrì nìkan, kí ọmọ tí ó ti ìdí ọkọ̀ wá lè rí ibi tí ọ̀nà ti yà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ó ku ìkan. Fíúsì àti bíréékà, àwọn ọmọ ń sọ pé wọ́n ń dáàbò bo ènìyàn. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Àgbà Oníná, Abẹ́òkúta:

Sọ fún wọn pé wáyà ni àwọn méjèèjì ń ṣọ́, kí ó má bàa gbóná kí ó sì dá iná sílé. Bíréékà áńpíà 32 kò ní mọ̀ rárá pé iná ń gba ara ènìyàn kọjá, nítorí pé ìdá kékeré nínú áńpíà kan tó láti dá ọkàn dúró. Èyí tí ó ń ṣọ́ ènìyàn ni bíréékà tí ó ń wọn iná tí ó jáde lórí láìfù mọ́ èyí tí ó padà lórí níútírà, tí ó sì ń já bí ìyàtọ̀ wọn bá tó mílíáńpíà 30. Pe ìyẹn ní bíréékà awánájò, nítorí iná tí ó jò sí ilẹ̀ ni ó ń wá. Ká ní ó wà ní ilé ìyá yẹn ni, ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ iṣẹ́ rẹ ki fírísà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó so yẹn ni ì bá ti já.