Balùwẹ̀ ẹsẹ̀ 5 sí 7 tí Màmá á máa lò: kí la fi síbẹ̀, kí la yọ kúrò?

Ọmọ Alhaja Akóbo

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín kíákíá torí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni bíríkìlà fẹ́ da káńkéré ilẹ̀ balùwẹ̀ wa, tó bá sì ti dà á tán, ó ti bọ́ nìyẹn.

Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sí Akóbo n'Ìbàdàn níbí, a ti kan páànù, a ti rẹ́ ògiri, ó ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀, páìpù àti iná. Balùwẹ̀ tí mò ń sọ yìí wà lára yàrá màmá mi, ẹsẹ̀ bàtà 5 ni fífẹ̀ rẹ̀, 7 ni gígùn rẹ̀, ilẹ̀kùn wà lápá kan, fèrèsé kékeré wà lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀. Màmá ti pé ẹni ọdún 74, orúnkún ò fẹ́ gbé wọn mọ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì fẹ́ máa gbé láti ìgbà tí bàbá wa ti papòdà.

Ọkọ mi fẹ́ báàtọ́ọ̀bù, ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun kọ́lé tán òun wá fi ti ìyá ìyàwó òun ṣe ìdajì, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́ mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti ra táìsì funfun kan ní Coker l'Órílé nígbà tó lọ s'Ékòó, 60 sí 60, ó ń dán bíi dígí. Púlọ́ńbà wa náà ní báàtọ́ọ̀bù ló bóde mu. Mo wá bi Màmá fúnra wọn. Wọ́n ní, "Ibi tí mo máa gbé àpótí mi sí kí n jókòó wẹ̀, kí kànǹkàn àti ọṣẹ dúdú mi wà nítòsí, kí n rí ẹ̀rọ ṣe àlùwàlá láìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyẹn náà ni. Ẹ má sì jẹ́ kí n máa kọjú sí gábàsì tí mo bá jókòó ṣe ìgbọ̀nsẹ̀." Ó dùn mí, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya plánù, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gábàsì gan-an ni WC inú plánù yẹn dojú kọ.

Ká fi báàtọ́ọ̀bù sí i àbí ká má fi sí i? Táìsì wo ni kì í yọ̀? Hítà ńkọ́, torí omi gbígbóná máa ń bá orúnkún wọn ṣe é? Omi bóòhóòlù wa tún máa ń pọ́n tó bá ti dúró díẹ̀, mi ò fẹ́ kí gbogbo nǹkan funfun di aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ kí ọdún tó yí. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Púlọ́ńbà Mọ́níyà

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ ilé o, ilé á tura. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da káńkéré yẹn títí ẹ máa fi ra WC yín, kí ẹ gbé e dé sáìtì, kí púlọ́ńbà yín fi tépù wọ̀n ọ́n lójú yín. Èyí tí ihò rẹ̀ kọ sílẹ̀, tí àwa ń pè ní S-trap, kì í ṣe bákan náà ni wọ́n ń ṣe gbogbo ẹ̀, òmíì, 30 sẹ̀ǹtímítà ni láti ògiri dé àárín ihò, òmíì ò tó bẹ́ẹ̀, òmíì jù ú lọ, ara ògiri tí wọ́n ti lẹ táìsì sí sì lẹ máa ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ara bíríkì, torí táìsì àti síméǹtì ẹ̀yìn ẹ̀ á gbà tó 2 sí 3 sẹ̀ǹtímítà. Ibi tí wọ́n ti gbàgbé ìyẹn, WC ò ní fara ti ògiri tàbí kó má tiẹ̀ wọlé rárá, wọ́n á wá máa fọ́ ilẹ̀ tuntun. Mo ti bá wọn fọ́ irú ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọ̀rọ̀ gábàsì ò le rárá níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò tíì dà á. Tó bá jẹ́ pé ara ògiri kúkúrú ni WC wà báyìí tó ń wo gábàsì, ẹ gbé e sára ògiri gígùn, á máa wo àríwá tàbí gúúsù, ẹni tó jókòó ò ní kọjú sí i, kò sì ní kẹ̀yìn sí i. Ẹsẹ̀ 5 jẹ́ 152 sẹ̀ǹtímítà, WC á yọ síta tó 70, ó ṣì ku 80 tí èèyàn fi máa kọjá. Ẹ gbé bésìnì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, WC ní àárín, ibi ìwẹ̀ lábẹ́ fèrèsé kó lè máa gbẹ. Páìpù ìgbẹ́, 4 ínǹṣì, kó lọ tààrà síta, kó máa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní nǹkan bí 2 sẹ̀ǹtímítà fún mítà kan, kẹ́ ẹ sì fi páìpù atẹ́gùn kan sí i tó yọ kọjá páànù. Omi ìwẹ̀ kó má gba inú táǹkì ìgbẹ́ kọjá, sókàwéè ni kó lọ tààrà.

Báàtọ́ọ̀bù, èmi náà ò fọwọ́ sí i. Kó tó kún dáadáa á gba bíi 150 lítà, Màmá á fi 20 lítà wẹ̀ kára wọn mọ́ tónítóní. Tí táǹkì yín bá jẹ́ 1000 lítà, ìwẹ̀ mẹ́fà péré ló máa gbé é lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí iná wa ṣe rí, ìgbà wo lẹ máa rí iná fa omi padà?

Ọ̀rọ̀ ṣáwà náà rèé. Ṣáwà ńlá tó fẹ̀ bí àwo yẹn ò ní ṣiṣẹ́ bí ẹ ṣe rò ó tí táǹkì ò bá ga. Mítà 10 ni táǹkì gbọ́dọ̀ fi ga ju ṣáwà lọ kí agbára omi tó pé 1 bar, tó bá jẹ́ mítà 3 ló fi ga jù ú lọ, 0.3 lẹ ní, á kàn máa kán tótó ni. Ṣáwà kékeré aláfọwọ́mú tó ní rọ́bà gígùn ni kẹ́ ẹ rà.

Kí wọ́n tó lẹ táìsì kankan, kí wọ́n fi omi kún gbogbo páìpù, kó sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ lọ wò ó fúnra yín láàárọ̀.

Ìyábọ̀ ní Manchester

Àǹtí mi, mo kà á tán ni mo bá jókòó. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe níbí, kò sí ibi tí mo ti ń rí i kí àgbàlagbà ṣubú bíi balùwẹ̀. Màmá tèmi, ní Òṣogbo, táìsì dídán báyẹn ló gbé wọn ṣubú, egungun ìtàn wọn dá, wọn ò sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dáadáa mọ́ títí wọ́n fi lọ. Èmi ni mo fowó ránṣẹ́ pé kí wọ́n lẹ táìsì náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ bàbá àwọn ọmọ, kí wọ́n má fi báàtọ́ọ̀bù sí i, ẹni tí orúnkún ń dùn ò lè máa gbé ẹsẹ̀ ré etí ẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọṣẹ lára.

Ohun tí mo máa fi síbẹ̀ tó bá jẹ́ tèmi: pèpéle káńkéré lábẹ́ fèrèsé, kó ga tó 45 sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n lẹ táìsì sí i lórí. Àpótí kúkúrú dáa fún ẹni tó lè dìde, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo bí Màmá ṣe ń dìde lórí àpótí wọn ẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ. Kí WC náà ga díẹ̀, 43 sí 48 sẹ̀ǹtímítà ní orí ìjókòó. Irin ìdìmú méjì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ WC, ọ̀kan níbi ìwẹ̀, ní nǹkan bíi 85 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, ṣùgbọ́n irin yẹn ò gbọdọ̀ jẹ́ ara bíríkì oníhò ni wọ́n kàn án mọ́, ẹ ní kí wọ́n da káńkéré kún ihò bíríkì ibẹ̀ báyìí kí wọ́n tó lẹ nǹkan kan. Kí ilẹ̀kùn máa ṣí sóde, torí bí èèyàn bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ẹ ò ní lè wọlé gbé e. Kí ilẹ̀ sì tẹ́jú láti yàrá wọbẹ̀, kó má ní ìdènà kankan tó lè kọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Alátáìsì Ìjẹ̀bú

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Àǹtí Manchester sọ àyàfi èyí tó kẹ́yìn. Ilẹ̀ tó bá tẹ́jú délẹ̀délẹ̀, omi á wọ yàrá Màmá, kápẹ́ẹ̀tì á jẹrà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ balùwẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 2 péré relẹ̀ ju ti yàrá lọ, kí wọ́n fi síméǹtì dà á gẹ̀rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kó má dà bí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn náà kí gbogbo ilẹ̀ máa dà sí ojú ihò omi níbi ìwẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 fún mítà kan. Kí wọ́n da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sí i kí wọ́n tó lẹ táìsì lé e, tí omi bá dúró síbì kan, kí wọ́n tún un ṣe.

Táìsì 60 sí 60 tí ọ̀gá rà yẹn kò burú, ilẹ̀ balùwẹ̀ ni kò yẹ. Ó tóbi jù, kò lè tẹ̀ lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gé e kélekèle. Ẹ lẹ ìyẹn mọ́ ògiri, á mọ́lẹ̀ á sì rẹwà, ọkàn ọ̀gá á balẹ̀ pé owó òun ò ṣòfò. Ti ilẹ̀, ẹ ra 30 sí 30 tàbí èyí tó kéré sí i, porcelain, torí kì í mu omi, tí ara ẹ̀ rí háráhárá. Ẹ wo ara páálí, àmì R ló ń sọ bí kò ṣe ń yọ̀ tó, tó bá jẹ́ R10 tàbí R11 ẹ mú un. Ẹ da omi ọṣẹ sí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ òfìfo tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó máa bínú sí yín.

Àárín táìsì, ẹ má gbà kí wọ́n fi síméǹtì funfun dí i. Pẹ̀lú ọṣẹ dúdú Màmá àti omi pípọ́n yín, á dọ̀tí láàárín oṣù kan. Ẹ ní kí wọ́n fi grout aláwọ̀ eérú. Kọ́bọ́ọ̀dù onípákó abẹ́ bésìnì tún ńkọ́, ẹ fi sílẹ̀, tomi bá ti kàn án á wú bíi búrẹ́dì, síílìn POP náà ò bá ooru omi gbígbóná mu, PVC ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ̀ńjíníà iná àti omi

Kí n sọ ti hítà. Tí táǹkì ò bá ga, àwọn hítà kékeré tó ń gbóná lójú ẹsẹ̀ yẹn máa ń kọ̀ láti tàn torí omi ò lágbára tó, ẹ ra èyí tó ń tọ́jú omi, 30 lítà ti tó ẹnì kan. Wáyà tiẹ̀ lọ́tọ̀, wáyà ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, kẹ́ ẹ sì fi bíréékà 30mA tó máa ń já fúnra ẹ̀ tí iná bá fẹ́ gbé èèyàn. Súìṣì ẹ̀ níta balùwẹ̀ ni kó wà.

Omi tó mọ́ nígbà tó jáde tó wá pọ́n lẹ́yìn náà, irin ló wà nínú ẹ̀, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di pupa. Ẹ jẹ́ kó máa já láti òkè sínú táǹkì, kó sinmi, kí ẹ̀rọ tí ẹ ń lò wà sókè díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè kù sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́n dáadáa. Tó bá ti kun WC, ẹ má da Hypo tàbí Jik sí i, ṣe ni àwọ̀ yẹn á túbọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń ká a. Ẹ má sì da ọsàn àti Hypo pọ̀ láéláé, afẹ́fẹ́ tó máa ń jáde níbẹ̀ léwu fún àyà.

Ọmọ Alhaja Akóbo

Ẹ ṣé o, gbogbo yín pátá, Ọlọ́run á san yín lóore. Mo ka ọ̀rọ̀ Àǹtí Manchester fún ọkọ mi, ó dákẹ́ títí, nígbà tó yá ó ní kí n jẹ́ ká jọ lọ sí sáìtì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya WC, bésìnì àti pèpéle sílẹ̀ bí Ẹ̀gbọ́n Púlọ́ńbà ṣe sọ, ó jókòó sórí bíríkì níbi ìwẹ̀ ó ń na ọwọ́ wò. Báàtọ́ọ̀bù ti kúrò ńbẹ̀. Táìsì ẹ̀ ń lọ sára ògiri, inú ẹ̀ dùn sí ìyẹn. A ti sún dída káńkéré síwájú títí a máa fi ra WC, bíríkìlà ráhùn, ṣùgbọ́n ó ti gbà.

Lánàá a gbé Màmá lọ. Wọ́n ní 45 sẹ̀ǹtímítà yẹn ga díẹ̀ fún àwọn, ẹsẹ̀ wọn ò délẹ̀ dáadáa, a to bíríkì àti pákó títí wọ́n fi ní "ó tó," a wọ̀n ọ́n, 41 ni. Ṣé kí n fi sí 41 bẹ́ẹ̀, Àǹtí? Ẹ̀rọ àlùwàlá ńkọ́, ẹ̀gbọ́n wa Púlọ́ńbà, báwo ló ṣe yẹ kó ga tó?

Ìyábọ̀ ní Manchester

41 ni o, ẹsẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ délẹ̀. Ẹ jẹ́ kí 41 yẹn jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lẹ táìsì tán.

Púlọ́ńbà Mọ́níyà

Ẹ fi ẹ̀rọ sí 65 sẹ̀ǹtímítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, lápá ọwọ́ ọ̀tún Màmá, bọ́kẹ́ẹ̀tì á wọ abẹ́ ẹ̀ dáadáa, wọ́n á sì lè jókòó ṣe àlùwàlá wọn, kí wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú kí omi dà sí i láìgbé e sókè. Ẹ̀rọ bíràsì ni kẹ́ ẹ rà, ẹ gbé e lọ́wọ́, ó máa ń wúwo ju ayédèrú lọ. Ẹ bá mi kí Alhaja.