Rédíò mọ́tò ń tanná ṣùgbọ́n kò fọhùn: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lórí rédíò mọ́tò tó bá pa lọ́lọ́. Kì í ṣe èyí tó ń ha o, kì í sì ṣe èyí tí sípíkà ẹ̀ kan ṣoṣo kú, èyí tí mò ń sọ ni èyí tí iná ẹ̀ ń tàn, tó ń gbé nọ́ńbà téṣàn wá, tí CD ń yí nínú ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yí fọ́lúùmù títí ọwọ́ fi ń ro yín, kò sọ kú kò sọ yè. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tá a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tún un ṣe ni pé "rédíò yìí ti kú, ẹ lọ ra òmíì." Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò kú rárá.

Tèmi ṣẹlẹ̀ n'Íbàdàn níbí. Mò ń ti Mọ́níyà bọ̀, mò ń gbọ́ Amúlùdùn 99.1 jẹ́jẹ́ mi, mo dúró gbé ọmọ mi, ọmọ wọlé ó gbá ilẹ̀kùn iwájú pa gbàà, bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé báyìí ni ohùn lọ. Tiwájú lọ, tẹ̀yìn náà lọ. Iná ṣì ń tàn, 99.1 ṣì wà lójú ẹ̀ kedere.

Rewáyà tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá fa fúùsì yọ, ó gbé e sókè wò ó lójú oòrùn, ó ní fúùsì dáa, ó ní IC inú rédíò, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń gbé ohùn sókè, ló ti jóná, kí n mówó wá kó bá mi ra tuntun. Kò tíì tú ohunkóhun o! Ọkàn mi ò gbà á. Mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ṣe rewáyà lápá Gate, àgbàlagbà ni, kì í pariwo. Bàbá ò tiẹ̀ fọwọ́ kan rédíò, ó kàn bi mí pé, "Nígbà tó máa dákẹ́, kí lẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́?" Mo ní, "Bàbá, ilẹ̀kùn lọmọ tì." Ó ní, "Ó dáa, ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún mi."

Ẹ lọ wo ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín, láàárín ilẹ̀kùn àti bọ́dì, níbi ìdè ilẹ̀kùn, rọ́bà dúdú kan wà níbẹ̀ tó ní ìṣẹ́po. Inú ẹ̀ ni wáyà wíńdò, wáyà lọ́ọ̀kù àti wáyà sípíkà ń gbà kọjá. Gbogbo ìgbà tá a bá ṣílẹ̀kùn tá a tì í ni wáyà yẹn ń ṣẹ́ tó ń nà, ọdún tó ti ń ṣe é nílùú òyìnbó kó tó di tòkúnbọ̀ wà níbẹ̀, ọdún tiwa náà tún wà lórí ẹ̀. Bàbá ká rọ́bà yẹn sẹ́yìn, ó fi tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní kí n wò ó. Ara wáyà kan ti là, bàbà pupa ti yọjú síta, ibi tó yọjú yẹn gan-an ló fi lẹ̀ mọ́ irin ọkọ̀.

Mo ní bàbá, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo rèé, báwo ló ṣe pa sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ó ní nínú rédíò ayé ìsinsìnyí, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ fara kan bọ́dì nínú wáyà sípíkà méjèèjì, ì báà jẹ́ pósítíìfù, ì báà jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù. Tí ọ̀kan bá fara kàn án pẹ́nrẹ́n, àḿpù inú rédíò, ìyẹn ibi tó ń gbé ohùn sókè kó tó dé sípíkà, máa pa ohùn gbogbo kó má baà jóná. Ààbò ara ẹ̀ ló ń ṣe, ẹ̀yin á sì rò pé ó ti kú.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò kí n má gbàgbé, torí ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é. Ó fa rédíò jáde, ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ẹ̀ kúrò pátápátá, ó wá mú bátìrì rìmóòtù kékeré, èyí tó jẹ́ 1.5 volt, ó ń fi kan wáyà sípíkà ní méjì-méjì. Sípíkà tó bá dáa máa dún "pọ̀ọ́" lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló gbé mítà tó máa ń ké tí ohun méjì bá kan ara, ẹsẹ̀ kan lára wáyà sípíkà, ẹsẹ̀ kejì lára irin ọkọ̀. Mítà ò gbọ́dọ̀ ké. Ó dé orí tiwájú lápá ọ̀tún, mítà ké. Tó bá jẹ́ rédíò tẹ́ ẹ rà sí i ló wà níbẹ̀, àwọ̀ wáyà ẹ̀ sábà máa ń rí báyìí: funfun ni iwájú òsì, eérú ni iwájú ọ̀tún, ewé ni ẹ̀yìn òsì, àlùkò ni ẹ̀yìn ọ̀tún, èyí tó ní ìlà dúdú lára ni nẹ́gẹ́tíìfù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tèyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀ o, ẹ má fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹ má sì fi bátìrì kan wáyà yẹn nígbà tí rédíò bá ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.

Bàbá gé ibi tó là kúrò, ó fi wáyà tó gùn díẹ̀ jù ú lọ rọ́pò kó má baà máa fà, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, ó fi tépù wé e, ó dá rọ́bà padà. A ti rédíò bọ ibẹ̀, ohùn jáde! Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. Ẹ wá sọ tiyín o.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Tèmi ò jọ tiyín, Èkó ni mò ń gbé, jíìpù tí mò ń wà ní àḿpù ọ̀tọ̀, kì í ṣe inú rédíò ló wà, abẹ́ síìtì ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ni wọ́n gbé e sí. Àsìkò òjò ni. Ṣáájú ìgbà yẹn ni mo ti ń gbóòórùn ìdíbàjẹ́ nínú ọkọ̀, mo fọ kápẹ́ẹ̀tì títí, òórùn ò lọ, ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo ṣíná, rédíò tàn, kò fọhùn. Nígbà tí wọ́n gbé síìtì kúrò, omi rèé. Kì í ṣe omi òjò o! Ọ̀pá tí omi AC máa ń gbà jáde sábẹ́ ọkọ̀ ló ti dí, omi wá ń ṣàn padà wọ inú ọkọ̀, àḿpù sì jókòó sínú ẹ̀. Ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti hu nǹkan àwọ̀ ewé. Wọ́n tú u, wọ́n fi sípíríìtì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ó ṣiṣẹ́ padà. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ la ọ̀pá AC yẹn kẹ́ ẹ tó dá àḿpù padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ òfo ni.

Ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ bá ní àḿpù ọ̀tọ̀, rédíò tuntun ò lè ran yín lọ́wọ́ tó bá jẹ́ àḿpù ló ń ṣàìsàn. Wáyà kan wà tó ń jí àḿpù lójú oorun, lára rédíò tá a rà sí i búlúù tó ní ìlà funfun ni. Tẹ́ ẹ bá tan rédíò, mítà gbọ́dọ̀ ka bíi 12 volt lórí ẹ̀. Tí kò bá sí iná níbẹ̀, àḿpù ò ní jí láéláé.

*

Ẹ kú déédéé ìwòyí láti London. Ìgbà òtútù ni bátìrì ọkọ̀ mi kú, mo pààrọ̀ ẹ̀, rédíò tàn, ó kọ CODE sójú, kò sí ohùn. Kò bàjẹ́, ó tira ẹ̀ pa ni torí olè. Kóòdù yẹn máa ń wà lórí káàdì kékeré nínú ìwé ọkọ̀, nígbà mìíràn wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí iwájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra tòkúnbọ̀ tí ìwé ò bá a wá, lára ọ̀pọ̀ Honda, ẹ pa rédíò, ẹ tẹ 1 àti 6 mọ́lẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ wá tàn án, nọ́ńbà rédíò á jáde, òun ni wọ́n á fi wá kóòdù fún yín. Ẹ má kàn máa méfò tẹ nọ́ńbà o, tó bá kùnà léraléra á tì gbọn-in.

Ohun kan tún wà fẹ́ni tó ń wa BMW tàbí Mercedes. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, wáyà kọ́ ló ń gbé ohùn láti rédíò dé àḿpù, ìmọ́lẹ̀ ni, nínú okùn tín-ínrín kan tí wọ́n ń pè ní MOST. Gbogbo àpótí tó wà lórí okùn yẹn di ọwọ́ ara wọn mú yíká, tí ọ̀kan bá kú, ì báà ṣe ti fóònù, gbogbo ẹ̀ lè dákẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á so okùn pọ̀, títí ohùn á fi padà.

*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo fader, ibi tá a ti ń pín ohùn síwájú àti sẹ́yìn. Ọkọ̀ bọ̀dá mi ò ní sípíkà lẹ́yìn, ọmọdé ti ti ohùn sẹ́yìn tán, wọ́n fẹ́ẹ̀ ra rédíò tuntun. Ẹ wo bọ́tìnì mute orí ṣítíárìn náà.

*

Iṣẹ́ rewáyà ni mò ń ṣe, Abẹ́òkúta ni mo wà. Inú mi ò dùn sí bí wọ́n ṣe ń fojú wo fúùsì. Fúùsì lè là ní ibi tójú ò lè rí, tẹ́sítà la fi ń kàn án lápá méjèèjì. Nọ́ńbà tó wà lórí èyí tó jóná ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò ẹ̀. Pupa ni 10, búlúù ni 15, yẹ́lò ni 20, èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé ni 30. Mo máa ń rí ọkọ̀ tí wọ́n ti fi 30 síbi tí 10 wà, mo tún ń rí èyí tí wọ́n fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé. Ẹ gbà mí o! Fúùsì ń jóná torí pé wáyà kan ti kan ara, tí fúùsì ò bá lè já mọ́, wáyà abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló máa jó, ọkọ̀ lè gbiná pẹ̀lú ẹ̀yin àtọmọ yín nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má padà sọ́dọ̀ ẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ fẹ́ mọ̀ bóyá rédíò ló kú, ẹ yọ gbogbo wáyà sípíkà kúrò lẹ́yìn ẹ̀, ẹ so sípíkà kan tó dáa mọ́ ọn tààrà lóde. Tó bá fọhùn, ẹjọ́ wáyà ni, ẹ lọ wá a nínú ilẹ̀kùn bí bàbá Gate ṣe wá a. Tí kò bá fọhùn, tí ẹ ti rí i pé iná ń wọ wáyà yẹ́lò àti pupa, tí dúdú sì wọ bọ́dì dáadáa, ìgbà yẹn ló tó kan IC. Òun náà ṣeé pààrọ̀, nínú ọ̀pọ̀ rédíò TDA7388 ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ 25 ló ní, ẹni tó mọ lẹ́ẹ̀dì jó á pààrọ̀ ẹ̀, owó ẹ̀ ò sì tó owó rédíò.

Ẹni tí tiẹ̀ bá ṣì dákẹ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, kó kọ irú ọkọ̀, ọdún ẹ̀, àti ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ohùn lọ. Tí mo bá ti ìsọ̀ dé lálẹ́ màá dá a lóhùn.